Kọ́bọ́ọ̀dù Tó Ju Ẹnu Ọ̀nà Lọ

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ènìyàn tí ọkọ àbúrò mi jẹ́, ẹ bi í pé ilé ta ló kùn lónìí. Kò ní sọ irú ọ̀dà tó fi kùn ún fún yín. Àga inú yàrá onílé ni yóò máa kà fún yín, aṣọ fèrèsé rẹ̀, àwo tí wọ́n fi ń jẹun, bẹ́ẹ̀dì tí ènìyàn mẹ́rin lè sùn sí láìfara kanra. Akunlé ni. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dára, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ akunlé a máa múni wọ yàrá tí kì í ṣe tẹni, ojú tiẹ̀ sì máa ń dé ibi tí búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ kò dé. Ńláńlá ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí pé bí ẹ bá bi í léèrè ohun tó ń fẹ́ láyé, ìdáhùn kan ṣoṣo ló ní: "Nǹkan ńláńlá ni."

Àbúrò mi ń lọ aṣọ fún ènìyàn. Yàrá kan ni òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé, nísàlẹ̀ ilé pẹtẹ́ẹ̀sì kan tó ti gbó, tábìlì tó fi ń lọ aṣọ sì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà wọn. Èmi ni mo tọ́ ọ lẹ́yìn tí ìyá wa kú. Aránṣọ ni mí, èmi ni mo kọ́ ọ bí a ti ń di áyọ́ọ̀nù mú kí ọrùn ọwọ́ má baà máa ro ènìyàn. Ó yára kọ́ ọ, nígbà tó sì yá, ó mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí inú mi lè fúyẹ́ díẹ̀: kò sí ohun tí mo ní láyé yìí tí mo fẹ́ràn tó o.

Nígbà òjò kan, Ńláńlá rí iṣẹ́ ilé olówó kan gbà. Olówó náà ń tú àtẹ̀gùn onígi inú ilé rẹ̀ kúrò, ó fẹ́ fi òkúta dídán rọ́pò rẹ̀. Wọ́n kó àwọn pákó àtẹ̀gùn náà sí ẹ̀yìnkùlé, pákó dúdú tó nípọn, tó ń dán bí ẹni pé wọ́n fi òróró pa á. Bí ojú Ńláńlá ṣe kàn án, ọ̀ràn ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí iṣẹ́ parí tí olówó ní kó wá gba owó rẹ̀, ó ní òun kò fẹ́ owó, pákó yẹn ni kí wọ́n fún òun. Olówó náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní kó tètè máa kó o lọ kí òun tó yí ọkàn padà.

Àbúrò mi ti gbọ́kàn lé owó iṣẹ́ yẹn. Ó ti rí ṣọ́ọ̀bù kan tó ní yàrá lẹ́yìn, ní ìkóríta tí kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù tèmi. Ó ti lọ wò ó, ó tún padà lọ wò ó, ó ti mọ ibi tí tábìlì rẹ̀ yóò wà. Owó ló ń retí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ọkọ̀ akẹ́rù ló rí.

"Igi kí leléyìí?" ó bi ọkọ rẹ̀.

"Igi kọ́. Kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ ni."

"Níbo ni kọ́bọ́ọ̀dù wà nínú ẹ̀?"

"Ó wà nínú ẹ̀. Káfíńtà ló máa bá wa yọ ọ́ jáde."

Káfíńtà tó pè, bàbá àgbàlagbà ni, ẹni tó máa ń fi pẹ́ńsùlù há etí, tó sì tún máa ń wá a káàkiri. Ó wọn yàrá náà láti ògiri dé ògiri. Ó gbójú sókè wo àjà, ó wo aṣọ tí wọ́n fi kọ́ ìṣó lára ògiri, ó mi orí.

"Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́ o," ni ó wí. "Aṣọ ẹ̀yin méjèèjì ò pọ̀ tó báyìí."

"Eku tó ń dàgbà ni wá, Bàbá," ni Ńláńlá dáhùn.

Ó ní òun kò fẹ́ ìṣó, òun kò sì fẹ́ irin kankan nínú rẹ̀. Ó ti rí irú rẹ̀ nílé olówó, igi ni wọ́n fi gba igi mú, wọ́n sì fi gọ́ọ̀mù líle lẹ gbogbo oríkèé rẹ̀ pa. Káfíńtà ní irú ìyẹn ṣe é ṣe, ṣùgbọ́n pé bó bá ti gbẹ, kò ní ṣe é tú mọ́. Ó wo ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ kó kúrò níbí ńkọ́?"

"Ta ló ń kó? Ṣé ẹ rò pé wọ́n máa gbé e wọlé ni? Inú yàrá yìí náà ni wọ́n ti máa bí i, Bàbá. Ẹ ṣáà jẹ́ kó tóbi."

Káfíńtà gbé èjìká, ó ní ẹni tó ni igi ló ni ọ̀rọ̀. Bí wọ́n ṣe kan kọ́bọ́ọ̀dù tó tóbi ju ẹnu ọ̀nà lọ sínú yàrá kan ṣoṣo nìyẹn, tí ojú àgbàlagbà méjì sì là sílẹ̀.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, ẹnu ọ̀nà ni mo dúró sí. Ó ní ilẹ̀kùn mẹ́ta, díńgí gígùn wà lára ti àárín. Orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àjà, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti bo fèrèsé kan ṣoṣo tí wọ́n ní, nítorí náà iná ni wọ́n ń tàn lọ́sàn-án gangan. Wọ́n ti ta bẹ́ẹ̀dì. Fóòmù ni wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ lálẹ́, tí wọ́n ń ká sórí ara wọn láàárọ̀. Ẹ̀gbẹ́ ni àbúrò mi fi ń rìn nínú yàrá tó ń sanwó rẹ̀. Inú díńgí ni mo ti rí ojú rẹ̀, nítorí pé kò sí ibi tí mo lè gbà wọlé lọ bá a.

"Nínú ẹ̀yin àti kọ́bọ́ọ̀dù yìí, ta ló gba ilé?" mo bi Ńláńlá.

"Ẹ̀gbọ́n wa," ó ń rẹ́rìn-ín, "ẹ fọwọ́ kàn án ná."

Mo fọwọ́ kàn án. Ó dára. Mo kórìíra rẹ̀ nítorí pé ó dára.

Ẹ ó rò pé ẹni tó ti rí ohun ńlá tó ń wá yóò sinmi. Ńláńlá kò sinmi. Bó bá ṣí kọ́bọ́ọ̀dù náà, ṣẹ́ẹ̀tì méjì, kóòtù kan tó ti ṣá àti aṣọ ìyàwó rẹ̀ díẹ̀ ni yóò rí lára ọ̀pá gígùn yẹn, gbogbo ibi tó kù á sì ṣófo sílẹ̀. Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé òfo yẹn ń ti òun lójú. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ra aṣọ. Àwìn ló kọ́kọ́ rà á, nígbà tí ẹnikẹ́ni ò tà á láwìn fún un mọ́, ó gbé áyọ́ọ̀nù ńlá àbúrò mi, èyí tó ń rú èéfín, ó lọ tà á. Áyọ́ọ̀nù kékeré tí ó ti ń lò láti ìgbà tó wà lọ́dọ̀ mi nìkan ló kù fún un. Àbúrò mi sunkún wá bá mi. Mo ní kó padà sọ́dọ̀ mi, ó ní ọkọ òun ṣèlérí pé èyí ni ìkẹyìn.

Ọ̀kánjúwà kì í ní ìkẹyìn. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ akunlé ń bọ̀ wá wo kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì fẹ́ kó kún bó bá ṣí i. Ló bá ń kó aṣọ àwọn oníbàárà àbúrò mi, aṣọ tí wọ́n ti lọ̀ tí ń dúró de ẹni tó ni wọ́n, ó ń fi wọ́n kọ́ síbẹ̀. Kóòtù lóríṣiríṣi, ṣòkòtò tó gún régé. Àbúrò mi ní kó kó wọn jáde, Ńláńlá ní kí ló bà á nínú jẹ́, ṣebí kì í ṣe pé òun wọ̀ wọ́n? Kò pẹ́ tó fi wọ̀ wọ́n. Kóòtù ọ̀gá ilé ìwé kan ló wọ̀ lọ́jọ́ kan, ó gbé e rìn lọ sí òpópónà, ojúkojú ni òun àti ọ̀gá ilé ìwé pàdé.

"Ọ̀gbẹ́ni, aṣọ yẹn bá yín mu o," ni ọkùnrin náà wí fún un.

"Ẹ ṣeun, sà," ni Ńláńlá dáhùn. "Ó ti pẹ́ lọ́wọ́ mi."

Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo àdúgbò ti gbọ́. Àwọn oníbàárà rọ́ dé bí ẹni tí iná ń jó ilé rẹ̀, olúkúlùkù ń gba aṣọ tirẹ̀. Àwọn kan gbọ́ òórùn aṣọ wọn níwájú àbúrò mi kí wọ́n tó ká a. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì rẹ̀, ó ń kúnlẹ̀ fún ọmọdé àti àgbà, ó ń bẹ̀bẹ̀ fún ohun tí kò ṣe. Ká ní mo rí Ńláńlá lọ́jọ́ yẹn, ẹjọ́ mi ni ẹ ò bá máa gbọ́ nílé ẹjọ́. Nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ni kò gba aṣọ tirẹ̀. Ó ní, "Ìwọ kọ́ lo wọ̀ ọ́, èmi ò rí ẹni tó mọ aṣọ lọ̀ tó ọ." Aṣọ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì yẹn nìkan ni iṣẹ́ tó kù lọ́wọ́ àbúrò mi, bí ẹni ń tọ́jú ẹyin ló sì ń ṣe é.

Òjò ọdún tó tẹ̀ lé e ló wá bá ilé náà jà. Ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ là láti òkè délẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́ ó tín-ín-rín, nígbà tó yá ìka ń wọ inú rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ayálégbé òkè ń ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní wọ́n ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́, àmọ́ eléyìí ti lanu débi pé ewúrẹ́ ló yẹ kó máa wọ̀ ọ́. A rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Kò pẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ ilé wò fi dé. Wọ́n gbá ògiri níbí, wọ́n gbá a lọ́hùn-ún, wọ́n fetí sí i, wọn ò tilẹ̀ gba àga tí wọ́n fún wọn. Wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ àmì ńlá sára ògiri iwájú, wọ́n ní kí gbogbo ènìyàn kó jáde, pé ilé náà lè wó nígbàkígbà, àwọn ń bọ̀ wá fi katakata wó o kó tó pa ènìyàn.

Ńláńlá lọ sídìí àmì pupa náà, ó fi ìka kàn án, ó gbọ́ òórùn rẹ̀. "Ọ̀dà yìí ò dáa rárá," ni ó wí. "Wọ́n ti fomi bà á jẹ́. Ẹ ò rí bó ṣe ń ṣàn?"

Gbogbo ará ilé ń di ẹrù, òun ń po púùtì. Ó fi dí ibi tí ògiri gbé là, ó fi sáńpépà ra á títí ó fi dán, ó wá kun ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà ní funfun láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó kun orí àmì pupa pẹ̀lú. Nígbà tó parí, ó pe ìyàwó rẹ̀ síta, ó ní, "Ó yá, fi ibi tó gbé là hàn mí." Mo ti rí ẹni tó ń purọ́ fún ènìyàn, n kò rí ẹni tó ń kun irọ́ mọ́lẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ tún ń gbà á gbọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ojú kò rí ohun tí ògiri ń ṣe mọ́.

Nígbà tí ilé ṣófo tí kò ku ẹnìkan lókè, ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà á díẹ̀, ó gbà láti kó. Ṣùgbọ́n kọ́bọ́ọ̀dù ni yóò kọ́kọ́ jáde. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbé e sí ẹ̀gbẹ́, wọ́n fi orí rẹ̀ síwájú, wọ́n fi ìdí rẹ̀ síwájú, wọ́n yọ férémù ẹnu ọ̀nà dànù. Ẹnu ọ̀nà ò gbà á. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wo àjà, wọ́n ní àwọn ń bọ̀, wọn ò padà wá mọ́. Ó ránṣẹ́ pe káfíńtà.

Ayùn ni káfíńtà mú wá. Ó ní, "Ọ̀nà méjì péré ni màá gé e sí. Ẹ bá ti débi tí ẹ ń lọ, màá tún un so pọ̀ fún yín, ẹni tó bá wò ó ò ní mọ̀."

"Èmi á mọ̀," ni Ńláńlá wí.

Mo wà níbẹ̀. Mo wá kó ẹrù àbúrò mi ni. Mo sọ fún un pé, "Ọkọ àbúrò mi, ẹ jẹ́ kí bàbá yìí gé igi yìí. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Igi ni."

"Ẹ̀gbọ́n wa, orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́," ó dá mi lóhùn, ó sì dúró síwájú díńgí rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti rù. Ojú rẹ̀ ti wọnú. Káfíńtà ká ayùn rẹ̀ sínú àpò, ó dágbére fún wa.

Mo mú àbúrò mi lọ sílé mi lọ́jọ́ náà. Ó ń sùn, ó ń jẹun, ó ń bá mi lọ aṣọ tí mo bá rán tán. Lójoojúmọ́ ló ń béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń kọjá bóyá ilé ṣì dúró. Ọkọ rẹ̀ ni, n kò lè bá a wí. Ṣùgbọ́n mo rò pé bó bá ti wà lọ́dọ̀ mi, ewu ti fò ó.

Nọ́ọ̀sì ló wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Kò wá jà. Ó ní wọ́n ti gba òun sí ilé ìwòsàn mìíràn, òun yóò wọlé iṣẹ́ lọ́la, aṣọ iṣẹ́ òun dà? Àbúrò mi fọwọ́ bo ẹnu. Inú kọ́bọ́ọ̀dù ni aṣọ náà wà. Ńláńlá ti tì í pa, ó sì so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọrùn ara rẹ̀ láti ọjọ́ tí káfíńtà ti mú ayùn wá.

"Màá lọ gbà á," ni àbúrò mi wí. "Òun nìkan ló kù tó gbà pé èmi kì í ṣe olè, Ẹ̀gbọ́n mi."

"A jọ ń lọ ni," ni mo dá a lóhùn, mo sì ti ṣọ́ọ̀bù.

Ọ̀sán ni. Oòrùn mú. Kí a tó wọ àgbàlá la ti ń gbọ́ òòlù. Ńláńlá ti fọ́ ògiri. Ó ti fọ́ búlọ́ọ̀kù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà láti ilẹ̀ dé òkè, ògiri tí àjà òkè jókòó lé, ó sì kó wọn jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ létòlétò. Ẹnu ọ̀nà ti di gbàgede. Kọ́bọ́ọ̀dù dojú kọ wá, díńgí rẹ̀ ń fi oòrùn hàn wá, Ńláńlá ti so okùn mọ́ ìdí rẹ̀. Mo gbójú sókè. Nínú ọ̀dà funfun tó kùn, ìlà kan tín-ín-rín ti tún jáde.

"Ẹ jáde níbẹ̀!" mo pariwo. "Ògiri yẹn ló gbé ilé dúró!"

"Mo ti ṣe é tán, Ẹ̀gbọ́n. Ó kù díẹ̀ báyìí ni." Gbogbo ara rẹ̀ funfun fún eruku. Nígbà tó rí ìyàwó rẹ̀, ayọ̀ kún ojú rẹ̀. "O ṣé tó o wá. Ẹnìkan ṣáà ni mo ń wá. Wọ ẹ̀yìn ẹ̀, kó o bá mi tì í, kí èmi máa fà á."

"Ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́, kí n mú aṣọ nọ́ọ̀sì," ni àbúrò mi wí.

"Bó bá ti jáde tán."

Mo fò mọ́ ọn, mo di okùn ọrùn rẹ̀ mú. Ó gbá ọwọ́ mi dànù. Kò tíì ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi rí láti ọjọ́ tó ti fẹ́ ọmọ wa. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ọkùnrin àgbà, ó ń bẹ ìyàwó rẹ̀ pé gbogbo iṣẹ́ òun ló wà nínú igi yìí, gbogbo ayé òun, kó bá òun tì í lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ̀ẹ̀kan péré, òun yóò fún un ní kọ́kọ́rọ́, òun kò sì ní béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ títí ayé.

Mo di ọwọ́ àbúrò mi mú. Mo ní, "O ò gbọdọ̀ wọbẹ̀. Jẹ́ kí aṣọ ṣòfò. Màá rán òmíràn fún nọ́ọ̀sì."

"Kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́?" ó bi mí. "Ẹ jẹ́ kí n tì í lẹ́ẹ̀kan, Ẹ̀gbọ́n mi, kí n gba aṣọ náà, kí a máa lọ. Bí mi ò bá tì í, ọkọ mi ò ní kúrò níbí, á kú síbí." Ó yọ ọwọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Kò já a gbà. Ó kàn yọ ọ́ jẹ́jẹ́, ó fi ẹ̀gbẹ́ gba àárín kọ́bọ́ọ̀dù àti ògiri kọjá bó ti máa ń ṣe, ó wọ ẹ̀yìn rẹ̀.

Ńláńlá fa okùn. Kọ́bọ́ọ̀dù rìn. Ó wọ inú ihò tó fọ́ sí ògiri, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde, Ńláńlá ń rẹ́rìn-ín, ó ń ké pé, "Ó ń bọ̀! Ó ń bọ̀!" Ibi orí rẹ̀ ló ti há. Ó fi tagbáratagbára fà á, orí kọ́bọ́ọ̀dù sì gbá ìyókù ògiri náà. Mo gbọ́ ìró kan lókè tó jọ ìgbà tí ènìyàn ya aṣọ. Lẹ́yìn náà, n kò rí nǹkankan mọ́ ju eruku lọ.

Nígbà tí mo lajú, àgbàlá ni mo wà, lórí orúnkún mi. Àjà òkè ti já wálẹ̀ sórí yàrá náà. Kọ́bọ́ọ̀dù dúró sínú ihò yẹn bí ìdérí, díńgí rẹ̀ ti fọ́, ṣùgbọ́n igi rẹ̀ kò yẹ̀, gbogbo ẹrù ilé wà lórí rẹ̀. Ńláńlá wà níwájú rẹ̀, okùn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò fara pa. Mo pe orúkọ àbúrò mi títí ohùn mi fi lọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi." Ohùn rẹ̀ ń bọ̀ láti ẹ̀yìn igi.

"Mo wà níbí! Mo wà níbí, ọmọ ìyá mi!"

"Nǹkan wà lórí ẹsẹ̀ mi. Eruku pọ̀."

Àwọn ènìyàn ti dé láti òpópónà. Àwọn kan fẹ́ fa kọ́bọ́ọ̀dù jáde, bíríkìlà kan tó wà láàárín wọn ké mọ́ wọn, ó ní bí ẹnikẹ́ni bá yẹ ẹ́ díẹ̀, ìyókù ilé yóò wálẹ̀ sórí obìnrin náà. Ó ní ọ̀nà kan ló kù: kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, kí wọ́n gba inú rẹ̀ gé ẹ̀yìn rẹ̀. "Àáké!" gbogbo wọn ń pariwo. "Ẹ mú àáké wá!"

Ńláńlá já kọ́kọ́rọ́ kúrò lọ́rùn rẹ̀. Èmi ni mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo ṣí ilẹ̀kùn. A kó aṣọ dà síta, kóòtù, ṣẹ́ẹ̀tì, aṣọ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tí a ti lọ̀ tó gún. Ẹnìkan gbé àáké dé. Ńláńlá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé ẹ̀yìn rẹ̀. Igi náà le. Àáké ń ta padà. Èérún tó ń fò jáde kéré, ó kéré jù. Àwọn ọkùnrin ní kó jẹ́ kí àwọn gbà á, kò gbà, ó ń gé e, ó ń ké pé, "Mo ń bọ̀, ìyàwó mi! Mo ń bọ̀!"

Àbúrò mi ń wúkọ́ lẹ́yìn ibẹ̀. Lẹ́yìn náà ó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Ṣé kọ́bọ́ọ̀dù lẹ ń gé yẹn?"

"Òun ni," ni Ńláńlá wí. Ẹkún ti gba ẹnu rẹ̀. "Òun ni, ìyàwó mi. Òun ni mò ń gé."

Mo fi etí lé igi náà láàárín ìgbà tí àáké bá gbéra àti ìgbà tó bá balẹ̀. Mo gbọ́ ikọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo ní kó máa bá mi sọ̀rọ̀, mo ní kó má sùn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù ìkóríta yẹn fún un, pé a ó lọ gbà á, pé ibi tó fẹ́ gbé tábìlì sí náà la máa gbé e sí. Èmi nìkan ni mo ń sọ̀rọ̀.

Nígbà tí ihò náà gba apá, èmi ni mo kọ́kọ́ ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Mo rí ọwọ́ rẹ̀. Ó ti na ọwọ́ sí ọ̀nà wa. Mo di í mú, kò di tèmi mú. Bíríkìlà àti àwọn ọkùnrin yòókù mú ayùn wá, wọ́n fẹ ihò náà, wọ́n fa àbúrò mi jáde, wọ́n tẹ́ ẹ sórí àwọn kóòtù tó wà nílẹ̀ nítorí pé kò sí nǹkan mìíràn nítòsí. Mo fi ìṣẹ́tí aṣọ mi nu eruku kúrò lójú rẹ̀. Ó jọ ẹni tó rẹ̀.

Bíríkìlà pàṣẹ pé kí gbogbo ènìyàn kúrò nínú àgbàlá nítorí ìyókù ilé. Wọ́n gbé àbúrò mi, mo tẹ̀ lé wọn. Ní ẹnu géètì mo wẹ̀yìn wò. Ńláńlá ṣì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù náà, ó ṣì ń gé e. Wọ́n pè é títí. Èmi kò pè é.